Kaféènì: Àgbàbọ̀ Ṣòkòtò Ni Agbára Rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò jẹ́ fi ẹnu kan ọtí líle, tí kò sì jẹ́ fa sìgá, ṣùgbọ́n tí oògùn kan wà lẹ́nu wọn láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí wọn kò sì mọ̀ pé oògùn ni. Ìyá tí ó po tíì mu kí ó tó lọ sí ọjà ti lò ó. Bàbá tí ó ju awẹ́ obì sí ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ ti lò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bu ṣíbí kọfí mẹ́ta sínú ife kan ṣoṣo nítorí ìdánwò ọ̀la, awakọ̀ tí ó ń jẹ gbànja lójú ọ̀nà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ra énájì dírǹkì alágolo ní ibùdókọ̀, gbogbo wọn ni wọ́n ti lò ó. Kaféènì ni orúkọ oògùn náà. Nínú gbogbo ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí ọpọlọ ènìyàn, kò sí èyí tí aráyé ń lò tó o.

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ojú ewé ìdílé ni pé àwọn ènìyàn máa ń wá bá àwa olùṣọ́-àgùntàn fún àdúrà lórí ọ̀ràn tí ó bá kaféènì tan. Ẹnìkan á ní òun kò rí oorun sùn mọ́. Òmíràn á ní àyà òun ń lù kìkì láàárín òru. Òmíràn á ní nígbàkúùgbà tí òun bá ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ni orí máa ń fọ́ òun bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù lù ú. A kì í dá irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ padà láìgbàdúrà fún wọn. Ṣùgbọ́n ó dára kí á béèrè ọ̀rọ̀ kan kí á tó kúnlẹ̀: "Kí ni ẹ máa ń jẹ, kí ni ẹ sì máa ń mu, láti ìgbà tí ẹ bá ti jí títí di ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sùn?" Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí lè tú àṣírí ohun tí a ti ń gbàdúrà lé lórí fún oṣù mẹ́fà.

A kò kọ èyí láti fi òfin de ẹnikẹ́ni. Kì í sì í ṣe obì tí wọ́n fi ń bọ òrìṣà ni à ń bá wí níhìn-ín. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni à ń sọ. Ohun tí a fẹ́ ni kí olúkúlùkù mọ ohun tí ó ń gbé mì, iye tí ó ń gbé mì, àti ohun tí ó ń ṣe lára rẹ̀.

KÍ NI KAFÉÈNÌ?

Kaféènì jẹ́ èròjà kíkorò kan tí Ọlọ́run dá sínú ewé, èso tàbí kóró àwọn igi kan. Ó ń dáàbò bo àwọn igi náà, nítorí pé májèlé ni fún ọ̀pọ̀ kòkòrò tí ó bá fẹ́ jẹ wọ́n run. Ní ọdún 1819, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní ilẹ̀ Jámánì, Friedlieb Ferdinand Runge, yọ ọ́ jáde láti inú kóró kọfí. Gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé nnì, Goethe, ni ó fún un ní kóró kọfí náà pé kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún 1895, ọmọ Jámánì mìíràn, Emil Fischer, ṣe kaféènì nínú yàrá ìwádìí láìlo kóró igi kankan. Lónìí, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń ṣe é, wọ́n sì ń bù ú sínú ohun mímu àti oògùn.

Ṣùgbọ́n kí òyìnbó tó fún un ní orúkọ, àwọn baba wa ti mọ iṣẹ́ rẹ̀. Obì àbàtà àti gbànja, méjèèjì ni kaféènì wà nínú wọn. Láti ayébáyé ni àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Haúsá ti ń fi gbànja ṣe ohun jíjẹ lójú ọ̀nà jíjìn, kí ebi àti àárẹ̀ má ba à tètè mú wọn. Títí di òní, obì láti ilẹ̀ Rẹ́mọ, ní Ṣàgámù àti àyíká rẹ̀, ń wọ ọkọ̀ lọ sí òkè Ọya.

Obì yìí kan náà ni ó fún Coca-Cola ní ìdajì orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1886 ni John Pemberton, apoògùn kan ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà, ṣe ohun mímu náà. Láti ara ewé koka àti obì ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ní ọdún 1911, ìjọba Amẹ́ríkà pe ẹjọ́ tako ohun mímu yìí ní ìlú Chattanooga nítorí kaféènì tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ọdún 1916, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ sì ni pé ilé-iṣẹ́ náà dín kaféènì inú rẹ̀ kù. Nítorí náà, àríyànjiyàn lórí kaféènì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná.

NÍBO NI Ó WÀ, BÁWO NI Ó SÌ TI PỌ̀ TÓ?

Mílígíráàmù ni a fi ń wọn kaféènì. 1,000 mílígíráàmù ni ó wà nínú gíráàmù 1. Iye tí a tò sí ìsàlẹ̀ yìí lè lọ sókè tàbí kí ó wálẹ̀ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn bá ti po tirẹ̀ tó.

- Ife kọfí tí a lọ̀ tí a sì sè, nǹkan bíi mílílítà 240: nǹkan bíi mílígíráàmù 95.
- Ife kọfí oníyẹ̀fun tí à ń da omi gbígbóná lé: nǹkan bíi 60.
- Ife tíì kan: nǹkan bíi 40 sí 50.
- Agolo Coca-Cola onímílílítà 355: 34.
- Agolo énájì dírǹkì onímílílítà 250: nǹkan bíi 80. Èyí tí ó jẹ́ mílílítà 500: nǹkan bíi 160.
- Obì: bí a bá wọn obì gbígbẹ sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, nǹkan bíi ọ̀nà méjì nínú rẹ̀ ni kaféènì. Èyí ni pé awẹ́ obì gbígbẹ tí ó wọn gíráàmù 5 lè ní nǹkan bíi mílígíráàmù 100, ju ti ife kọfí mìíràn lọ.
- Ife kòkó tàbí ohun mímu oníkòkó tí a ń fún àwọn ọmọ: ó kéré gan-an, ó lè má ju mílígíráàmù díẹ̀ lọ.

Ibi tí ó ti ń fara pamọ́ jù lọ ni inú oògùn orí fífọ́. Hóró Panadol Extra kan ní kaféènì mílígíráàmù 65, yàtọ̀ sí parasitamọ́ọ̀lù inú rẹ̀. Hóró méjì ni a sì máa ń lò lẹ́ẹ̀kan. Alábùkún tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀, tí ó ti wà ní Abẹ́òkúta láti ọdún 1918, oògùn aspirin àti kaféènì ni ó para pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń sọ pé òun kì í mu kọfí lè máa gba kaféènì tirẹ̀ lójoojúmọ́ láti ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì.

Àjọ EFSA tí ń mójú tó ààbò oúnjẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù sọ ní ọdún 2015 pé àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le kò níláti ju mílígíráàmù 400 lọ ní ọjọ́ kan, kí ó má sì ju 200 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà náà dúró lórí 400 yìí. Ẹ jẹ́ kí á wá ṣírò ọjọ́ kan fún arákùnrin kan tí iṣẹ́ pọ̀ fún. Ó mu ife kọfí oníyẹ̀fun kan ní àárọ̀, 60. Ó jẹ awẹ́ obì gbígbẹ kan ní ọ̀sán, 100. Ó fi Coca-Cola kan ti oúnjẹ, 34. Orí ń fọ́ ọ, ó lo hóró méjì, 130. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ra énájì dírǹkì ńlá kí ó lè wa ọkọ̀ délé, 160. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 484. Ó ti kọjá ààlà, síbẹ̀ bí ẹ bá bi í, yóò ní ife kọfí kan péré ni òun mu.

BÍ Ó ṢE Ń ṢIṢẸ́ NÍNÚ ARA

Láti ìgbà tí a bá ti jí ni èròjà kan tí ó ń jẹ́ adẹnosíìnì ti ń kó jọ díẹ̀díẹ̀ sínú ọpọlọ wa. Bí ó ti ń pọ̀ sí i ni àárẹ̀ àti oorun ń kùn wá. Ẹ jẹ́ kí á fi í wé kọ́kọ́rọ́. Àwọn àgádágodo kéékèèké wà nínú ọpọlọ. Bí kọ́kọ́rọ́ yìí bá wọ inú wọn tí ó sì yí, ọpọlọ á gbọ́ pé ó ti rẹ ara, ó tó àkókò láti sinmi. Kaféènì jọ kọ́kọ́rọ́ náà. Ó lè wọ inú àgádágodo, ṣùgbọ́n kò lè yí i. Ńṣe ni ó kàn dí ojú rẹ̀ pa. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ gidi bá dé, kò ní rí ibi wọ̀.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tí a ń sọ dúró lé. Àárẹ̀ kò kúrò lára. Ìròyìn àárẹ̀ ni kò dé ọ̀dọ̀ ọpọlọ. Kaféènì kò fi agbára kankan kún agbára wa. Oúnjẹ àti oorun ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo àsìkò tí ojú wa fi dá wáí, adẹnosíìnì ṣì ń kó jọ, ó ń dúró de ìgbà tí àyè yóò ṣí sílẹ̀. Bí kaféènì bá ti ń kúrò, àárẹ̀ á ya bo ni bí omi tí ó já ògiri. Àwọn àgbà ní àgbàbọ̀ ṣòkòtò, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Bí agbára kaféènì ti rí nìyẹn. A yá a ni, a ó sì dá a padà.

Kì í sì í tètè jáde. Ó tó nǹkan bíi wákàtí 5 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò nínú ara àgbàlagbà. Ẹni tí ó gba mílígíráàmù 100 ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ṣì ní nǹkan bíi 50 lára ní agogo mẹ́wàá alẹ́, nǹkan bíi 25 ṣì wà níbẹ̀ ní agogo mẹ́ta òru. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń tú u, ẹ̀dọ̀ kálukú kò sì yára bákan náà. Àjogúnbá wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọkọ fi lè mu kọfí tán kí ó máa hanrun, tí ìyàwó tí ó mu ìdajì tirẹ̀ á sì máa ka àjà títí ilẹ̀ á fi mọ́.

OHUN RERE TÍ Ó WÀ NÍBẸ̀

Òtítọ́ ni kí á sọ, bí ó bá tilẹ̀ tako ohun tí a fẹ́. Kọfí ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì kì í ṣe ọ̀tá ara. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ti fi hàn pé àrùn ìtọ̀ ṣúgà irú kejì, àrùn ẹ̀dọ̀ àti àrùn Parkinson kò pọ̀ láàárín àwọn tí ń mu kọfí bí ó ti pọ̀ láàárín àwọn tí kì í mu ún. Nígbà kan rí, ní ọdún 1991, àwọn onímọ̀ àrùn jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé fura sí kọfí. Ní ọdún 2016, wọ́n yí ìpinnu wọn padà pé ẹ̀rí kò tó láti fi ẹ̀sùn yẹn kàn án. Ohun tí wọ́n kìlọ̀ fún ni ohun mímu tí ó gbóná ju ìwọ̀n 65 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lọ, ìbáà ṣe tíì, ìbáà ṣe omi lásán, nítorí ọ̀nà ọ̀fun. Kí á jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí á tó gbé e sẹ́nu.

Àwọn dókítà tilẹ̀ ń fi kaféènì gba ẹ̀mí là. Àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé máa ń gbàgbé láti mí. Kaféènì tí a fi ìwọ̀n ṣe ni wọ́n ń fún wọn ní ilé ìwòsàn láti mú wọn mí. Ohun tí ó jẹ́ oògùn ní ọwọ́ ẹni tí ó mọ ìwọ̀n rẹ̀ ni ó ń di wàhálà ní ọwọ́ ẹni tí kò ṣírò rẹ̀.

IBI TÍ EWU WÀ

Oorun ni ó kọ́kọ́ ń fọwọ́ kan. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2013 ní Amẹ́ríkà fi hàn pé mílígíráàmù 400 tí a lò ní wákàtí 6 ṣáájú àkókò oorun dín oorun òru kù ju wákàtí kan lọ. Ẹni tí kò sun oorun tán á jí pẹ̀lú àárẹ̀, á tún lo kaféènì, kò tún ní rí oorun sùn ní alẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí po bí màlúù tí a so mọ́ èèkàn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni èkejì. Kaféènì tí ó tó 200 sí 300 mílígíráàmù máa ń ti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè fún wákàtí mélòó kan, pàápàá lára ẹni tí kì í lò ó déédéé. Ẹni tí ó ní àrùn yìí, kí ó bi dókítà rẹ̀ léèrè, kí ó má sì mu kọfí tàbí jẹ obì ní kété tí ó ń lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, nítorí iye tí ẹ̀rọ yóò sọ lè tàn án jẹ. Bákan náà ni ó ń mú àyà lù kìkì, ọwọ́ gbọ̀n, kí ọkàn má balẹ̀, tí inú sì lè máa ta ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú.

Ọ̀kan wà tí a kì í sábà rò mọ́ tíì. Èròjà mìíràn nínú tíì àti kọfí, tí kì í ṣe kaféènì, máa ń dí ara lọ́wọ́ láti gba ayọ́ọ̀nù tí ń sọ ẹ̀jẹ̀ di púpọ̀ láti inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, tí ó sì ń fi tíì ti gbogbo oúnjẹ sọ́nà, ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbà, ó ń fi ọwọ́ òsì dà á nù. Kí ó jẹ́ kí wákàtí kan kọjá lẹ́yìn oúnjẹ kí ó tó mu tíì rẹ̀.

ALÁBOYÚN ÀTI ÀWỌN ỌMỌDÉ

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ síhìn-ín. Kaféènì máa ń gba ibi ọmọ kọjá lọ sí ara ọmọ inú, ẹ̀dọ̀ ọmọ náà kò sì tíì lè tú u. Nígbà tí oyún bá ti dàgbà, ara ìyá fúnra rẹ̀ kì í yára mọ́: ìdajì kaféènì tí ó ń gba wákàtí 5 tẹ́lẹ̀ lè wá gba nǹkan bíi wákàtí 15. Ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn aláboyún tí ń lo ju mílígíráàmù 300 lọ lójúmọ́ nímọ̀ràn pé kí wọ́n dín in kù, nítorí ewu oyún wíwálẹ̀ àti ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n. Àjọ EFSA fi ààlà tirẹ̀ sí 200. Àwọn aláboyún kan máa ń jẹ obì nítorí ìtọ́ tí ń dà lẹ́nu wọn tàbí nítorí èébì. Kò sí ẹni tí kò mọ ìnira yẹn, ṣùgbọ́n awẹ́ méjì obì gbígbẹ lè kó gbogbo 200 náà tán kí ó tó di ọ̀sán. Kí wọ́n sọ fún nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ ìtọ́jú aláboyún. Ọ̀nà mìíràn wà.

Ní ti àwọn ọmọdé, àjọ EFSA ní kí ó má ju mílígíráàmù 3 lọ fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá wọn. Ọmọ tí ó wọn kílógíráàmù 20, ààlà tirẹ̀ jẹ́ 60 lójúmọ́. Agolo énájì dírǹkì tí ó kéré jù ní 80. Ilẹ̀ Lituéníà fi òfin de títa énájì dírǹkì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ní ọdún 2014. Ilẹ̀ Pólàǹdì ṣe bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. A kò níláti dúró de ìjọba kí á tó ṣe òfin yìí nínú ilé tiwa.

Kí àwọn ọ̀dọ́ náà gbọ́ pé pípo énájì dírǹkì mọ́ ọtí ni ó burú jù. Ọtí ń pa ènìyàn, kaféènì sì ń jẹ́ kí ó rò pé ojú òun dá, á tún máa mu sí i. Nítorí èyí ni àjọ FDA fi kìlọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń bu kaféènì sínú ọtí ní oṣù kọkànlá ọdún 2010. Kaféènì ògidì oníyẹ̀fun tí wọ́n ń tà fún àwọn tí ń gbé irin, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án: ṣíbí kékeré kan rẹ̀ tó nǹkan bíi ife kọfí 28, ó sì pa àwọn ọ̀dọ́ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2014.

AWAKỌ̀ ÀTI AKẸ́KỌ̀Ọ́

Ẹ wo awakọ̀ tí ó ń kó ọjà láti Kánò bọ̀ wá sí Èkó. Gbànja kún ẹnu rẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó sì rò pé òun ti ṣẹ́gun oorun. Ṣùgbọ́n oorun àìsùn ọjọ́ méjì kì í gbọ́ ti gbànja. Ó lè gbé e lọ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ọkọ̀ tí ó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan á ti lọ ju mítà 80 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta náà, kò sì sí ẹni tí ó ń darí rẹ̀. Èrò ọkọ̀ mélòó ni ó lè wà nínú mítà 80 yẹn?

Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Loughborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ní àwọn ọdún 1990, wọ́n sì rí i pé ohun tí ó ran awakọ̀ tí oorun ń kùn lọ́wọ́ jù ni kí ó dúró sí ibi tí kò léwu, kí ó mu ife kọfí kan, kí ó sì sùn díẹ̀ lójú kan náà, bíi ìṣẹ́jú 15. Bí ó bá fi máa jí, kaféènì á ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èyí náà kò ju ìrànlọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀ lọ. Ẹni tí kò sùn ní òru àná kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ ní òru òní.

Ti akẹ́kọ̀ọ́ náà kò yàtọ̀. Inú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kà sí ipò rẹ̀. Ẹni tí ó fi kọfí kàwé mọ́jú ti kó irè wálé, ṣùgbọ́n kò rí àyè kó o sínú àká; bí ó bá dé gbọ̀ngàn ìdánwò, á máa wá a kiri.

ÀÀWẸ̀ ÀTI ÌṢỌ́ ÒRU

A wá dé ibi tí ó kan ìjọ gbọ̀ngbọ̀n. Bí ènìyàn bá ń lo kaféènì lójoojúmọ́, ọpọlọ rẹ̀ á ṣe àgádágodo púpọ̀ sí i láti fi rọ́pò àwọn tí kaféènì ti dí. Ní ọjọ́ tí kaféènì kò bá wá, adẹnosíìnì á rí ilẹ̀kùn tí ó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ wọlé. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú orí á fẹ̀, orí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Àárẹ̀ á dé, inú á máa bí ni, ara á wúwo, èébì lè máa gbé ni. Láàárín wákàtí 12 sí 24 lẹ́yìn ife tí a mu kẹ́yìn ni ó ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní sí ìkejì ni ó ń le jù. Ó sì lè tó ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ó tó tán pátápátá. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sínú ìwé àwọn àìsàn tí wọ́n mọ̀ láti ọdún 2013.

Ẹ wá gbé èyí ka orí ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta wa. Arábìnrin kan mu tíì rẹ̀ tí ó kẹ́yìn ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, orí ti ń fọ́ ọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò lè gbé orí sókè nínú àdúrà. Ẹnìkan á sọ fún un pé àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ kò fẹ́ kí ó gbàdúrà dé ibi ìṣẹ́gun. Orúkọ ìyá arúgbó kan ní abúlé á wọ inú ọ̀rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ṣínu, ó lo hóró oògùn méjì tí kaféènì wà nínú rẹ̀, orí fífọ́ náà sì lọ bí ẹni fọwọ́ gbá a. Èyí á wá dà bí ẹ̀rí fún un. Bẹ́ẹ̀, kaféènì tí ara rẹ̀ ń bèèrè ni ó padà wọlé.

A kò sọ pé kò sí ogun ẹ̀mí. A mọ̀ pé ó wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí èké kò yẹ onígbàgbọ́, ẹ̀rí èké sì ni láti di ẹ̀bi ife tíì ru ìyá àgbàlagbà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ìdílé ti tú ká nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí á kọ́kọ́ wo inú ife wa kí á tó wo ojú ẹbí wa. Ẹni tí ó bá sì fi aspirin oníyẹ̀fun lé orí inú tí ó ṣófo láti ìdájí, kí ó mọ̀ pé ó lè dá ọgbẹ́ sí inú.

Ní ti ìṣọ́ òru, àwọn ará wa kan ń fi kọfí àti énájì dírǹkì múra sílẹ̀ fún un. Ẹ rántí Eútíkù ní Tíróásì, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 20, tí oorun gbé lọ lójú fèrèsé nígbà tí ìwàásù pẹ́. Kò sí ibi tí a ti kà pé Pọ́ọ̀lù bú u nítorí oorun náà. Ẹ rántí Èlíjà pẹ̀lú, nínú Ìwé Kìn-ín-ní Àwọn Ọba orí 19: nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́ dé góńgó, oorun àti oúnjẹ ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fún un, kí ó tó bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ẹni tí yóò ṣọ́ òru, kí ó sùn wákàtí méjì ní ọ̀sán. Àwa tí a ń ṣètò ìsìn náà, kí á má fi ìṣọ́ òru sí òru tí ó ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ fún àwọn awakọ̀ àti nọ́ọ̀sì wa.

BÍ A ṢE LÈ KÓ O NÍ ÌJÁNU

1. Ẹ kọ ohun gbogbo tí ẹ mu, tí ẹ jẹ, àti oògùn tí ẹ lò fún ọjọ́ mẹ́ta sínú ìwé. Ẹ ṣírò kaféènì inú rẹ̀ pẹ̀lú iye tí a tò sókè.

2. Ẹ má fi í sílẹ̀ lójijì. Ẹ dín ìdá mẹ́rin kan kù, ẹ lo ọjọ́ mẹ́ta lórí ìyẹn, kí ẹ tún tó dín òmíràn. Ní ọ̀nà báyìí, orí fífọ́ kò ní le.

3. Bí ìjọ bá kéde ààwẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ṣáájú.

4. Ẹ má jẹ́ kí kaféènì kankan kọjá agogo méjì ọ̀sán.

5. Ẹ ka ara páálí oògùn kí ẹ tó rà á. Parasitamọ́ọ̀lù lásán wà tí kò ní kaféènì.

6. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń lù ségesège, tí ó ń dákú, tàbí tí orí fífọ́ rẹ̀ kò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí ó lọ rí dókítà. Àdúrà kò dí ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Pọ́ọ̀lù kọ́ wa nínú Kọ́ríńtì Kìn-ín-ní orí 6 pé ohun kan lè tọ́ fún wa láti lò, síbẹ̀ kí á má jẹ́ kí ó di ọ̀gá lé wa lórí. Ẹni tí ó lè mu ife tíì rẹ̀ lónìí, kí ó fi í sílẹ̀ lọ́la láìsí ìjà, ọ̀gá ni lórí rẹ̀. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa sí aya àti ọmọ rẹ̀ títí kọfí yóò fi dé, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ta ni ọ̀gá nínú ilé yẹn. Orin Dáfídì 127 sì jẹ́ kí á mọ̀ pé ẹ̀bùn ni oorun jẹ́ láti ọwọ́ Olúwa fún àwọn olùfẹ́ rẹ̀. Ní alẹ́ òní, ẹ pa iná, ẹ gbàdúrà pẹ̀lú àwọn ọmọ yín, kí ẹ sì gba ẹ̀bùn náà. Olúwa yóò fún wa ní ìsinmi. Àmín.